Kí Ẹ Tó Gbà Kí Ọmọ Fi Kún Eré Kọ̀ǹpútà Ilé

Ìkòríta tí Fourways ti gba orúkọ rẹ̀ ni ibi tí òpópónà William Nicol, tí wọ́n sọ di Winnie Mandela Drive lọ́dún 2023, ti pàdé Witkoppen Road ní àríwá Johannesburg. Ilé inú ọgbà olódi ló pọ̀ ládùúgbò náà, nínú ọ̀pọ̀ wọn sì ni kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan wà tí gbogbo ilé jọ ń lò. Bàbá ń fi ṣe ìwé owó orí, ìyá ń fi ta ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ ń fi ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, ó sì tún ń fi gbá géèmù. Nígbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi oṣù December, tí ọwọ́ ọmọ dilẹ̀, tó sì ti wo fídíò tó pọ̀, ọ̀rọ̀ tó ń wáyé kì í yàtọ̀ púpọ̀ láti ilé dé ilé.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n mú kí kọ̀ǹpútà yìí yára sí i. Kò ní ná yín ní kọ́bọ̀."

"Báwo ni nǹkan á ṣe yára sí i láìnáwó?"

"Overclocking ni wọ́n ń pè é, Mà. Mo kàn fẹ́ yí ètò rẹ̀ padà díẹ̀ ni."

"Orúkọ gbogbo oníbàárà mi ló wà nínú rẹ̀ o. Ṣé kò ní sọnù?"

"Kò lè sọnù, Mà."

Ọmọ náà kò parọ́, ṣùgbọ́n kò sọ òtítọ́ tán. Ó sì yẹ kí òbí mọ èyí tó kù kó tó dáhùn, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà jẹ́ ṣípù kékeré tó ń ṣe gbogbo ìṣirò inú rẹ̀. Ó ní aago kan tó ń lù fún un, bí ìlù tí oníjó ń tẹ̀ lé. Ṣípù tí wọ́n bá kọ 4 GHz sí lára, ìgbà bílíọ̀nù mẹ́rin ni aago rẹ̀ ń lù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní, aago ìpìlẹ̀ jẹ́ 100 MHz, ṣípù á wá sọ ọ́ di ìlọ́po 40, 45 tàbí 50. Ohun tí ọmọ yín fẹ́ ṣe ni pé kó wọ inú BIOS, ìyẹn ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó wọlé, kó sì sọ 45 di 48. Onílù yára, oníjó ní láti yára.

Ìdí tí èyí fi ṣeé ṣe rárá ni pé àwọn tó ń ṣe ṣípù kì í tà á ní ibi tí agbára rẹ̀ parí sí. Àwọn ṣípù tí wọ́n gé láti ara abọ́ kan náà kì í dọ́gba, bí ọmọ ìyá kan náà kì í ṣe dọ́gba nínú ìṣirò. Nítorí náà wọ́n á fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí èyí tó lọ́ra jù lè bá wọn dé ibi tí wọ́n kọ sára páálí. Àyè yẹn ni àwọn ọlọ́gbọ́n ń jẹ. Èyí tó lókìkí jù nínú ìtàn ni Celeron 300A tí Intel gbé jáde lọ́dún 1998. Ṣípù olówó pọ́ọ́kú ni, 300 MHz ni wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn sọ aago ìpìlẹ̀ rẹ̀ di 100 MHz dípò 66, ó sì sáré ní 450 láìjanpata. Ìdajì eré ló gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ra ṣípù olówó ńlá lọ́dún yẹn kò dunnú.

Ayé ìgbà yẹn ti lọ. Ṣípù òde òní ti ń fi kún eré ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí iṣẹ́ bá ti dé, tó bá sì ti gbóná jù, á rọra dín in kù. Àyè tí Celeron fi sílẹ̀ ni Intel àti AMD ti ń jẹ tán báyìí kí wọ́n tó dì í sínú páálí. Ẹni tó bá ṣe overclocking sí ṣípù tuntun lónìí, tí kò sì fi ẹ̀rọ ìtutù olówó ńlá sí i, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò rí, kò sì lè dà bí èrè ọdún 1998. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí àwọn fídíò kì í fẹ́ sọ.

Ohun kejì ni ooru. Bí wọ́n bá fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún eré ṣípù, iná tó ń jẹ náà á fi 20 pọ̀ sí i. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ṣípù tó ń sáré jù sábà máa ń béèrè pé kí wọ́n fi kún fọ́ltéèjì tó ń wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà, nítorí pé fọ́ltéèjì kì í pọ̀ ní ẹyọ kan ṣoṣo: ẹ ó fi í lọ́po ara rẹ̀ ni. Ìdá 10 tí wọ́n fi kún fọ́ltéèjì á sọ ooru di ìdá 21 sí i. Ẹ pa á pọ̀ mọ́ 20 ti eré, ṣípù tó ń jẹ 100 watt tẹ́lẹ̀ á máa jẹ 145. Iná tó fi pọ̀ sí i yìí, tí ọmọ bá gbá géèmù fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, kò ju bíi yúnìtì mẹ́jọ lọ lóṣù. Kì í ṣe ìyẹn ló máa fọ́ ilé. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni láti gbé ooru 45 watt yẹn kúrò lórí nǹkan tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Ní Johannesburg, iṣẹ́ náà le ju ti èbúté lọ. Ìyálé ilé tó bá kó láti Èkó wá sí ìlú yìí ti mọ̀ pé ẹ̀wà máa ń pẹ́ kó tó jinná. Ìlú náà wà lókè gan-an, ní nǹkan bíi mítà 1,750 sórí òkun. Fourways rẹlẹ̀ sí àárín ìlú díẹ̀, ṣùgbọ́n òkè lòun náà. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́ níbẹ̀, omi sì máa ń hó kó tó dé 100°C, ní nǹkan bíi 94 tàbí 95. Afẹ́fẹ́ fífúyẹ́ kan náà ni fáànù kọ̀ǹpútà ń fẹ́. Bí ó ti wù kó yí tó, afẹ́fẹ́ tó ń gbé kọjá fi nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún fúyẹ́ ju ti Èkó tàbí ti Durban lọ, ooru tó ń kó lọ sì kéré sí i. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan nínú fídíò bá sọ láti ìlú kan létí òkun pé ṣípù òun wà ní 80°C, kí ọmọ Fourways má ṣe retí pé tòun náà á wà níbẹ̀.

Àkókò tún wà níbẹ̀. Ìdánwò tó yege ní July, nígbà tí òtútù ń mú, lè já kulẹ̀ ní January. Fáànù kan náà ni, eré kan náà ni, ṣùgbọ́n yàrá ti fi ìwọ̀n mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbóná sí i. Ẹni tó bá ń yan ètò fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ nígbà òtútù, kó fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ ṣípù Intel máa ń fa ara wọn sẹ́yìn ní 100°C, Ryzen 7000 ti AMD ní 95. Bí ṣípù bá ti dé ibẹ̀, kò tún yára mọ́. Ó ń lọ́ra láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là, gbogbo làálàá ọmọ náà sì ti di òfo.

Kì í tilẹ̀ ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ló gbà á. Ti Intel, àyàfi èyí tí lẹ́tà K wà lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣí sílẹ̀, bọ́ọ̀dù tó gbé e sì ní láti jẹ́ irú tí nọ́ńbà tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Z. Ti AMD, ọ̀pọ̀ Ryzen orí tábìlì ló ṣí, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A kì í gbà. Àwọn tokunbọ̀ iléeṣẹ́ tó kún Computer Village ní Ikeja, irú bíi Dell OptiPlex, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yẹn pa pátápátá. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú wọn lè fi ọkàn balẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò rí ibi tí yóò gbà wọlé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwọn tí kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ overclocking. Lọ́dún 2024, ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé ń ké pé ṣípù Intel orí tábìlì ìran 13 àti 14, pàápàá àwọn Core i7 àti i9, ń gbé géèmù ṣubú lójijì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fọwọ́ kan ètò kankan. Intel jẹ́wọ́ pé ṣípù náà ń béèrè fọ́ltéèjì tó ga jù fúnra rẹ̀, ó sì gbé àtúnṣe kan jáde ní August ọdún yẹn tí wọ́n pè ní 0x129. Ó tún fi ọdún méjì kún ọdún mẹ́ta tó fi ń dáàbò bo àwọn ṣípù náà. Àtúnṣe náà ń dáàbò bo èyí tó ṣì dára. Èyí tó ti bàjẹ́ kò lè jí dìde. Ẹ̀yin tí ẹ ra irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ẹ wo ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe bọ́ọ̀dù yín, kí ẹ gba BIOS tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ bi í léèrè ìgbà tó ti ṣe àtúnṣe náà. Tó bá ń wo ojú yín láìdáhùn, ẹ máa lọ.

Bí ọmọ bá sọ pé òun ti mú kó yára, báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ibí ni ìdánwò ìwọ̀n eré, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní benchmark, ti wọlé. Ètò kan á fún kọ̀ǹpútà níṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á sì fún un ní máàkì. Cinebench láti Jámánì á ní kí ṣípù ya àwòrán kan. 3DMark, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Finland, á dán káàdì àwòrán wò bí ẹni ń gbá géèmù. Méjèèjì ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n máàkì kan ṣoṣo kò sọ nǹkan kan. Kí ọmọ ti gbogbo ètò mìíràn pa, kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó kọ máàkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, pẹ̀lú bí yàrá ṣe gbóná tó lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà, ohun kan ṣoṣo ni kó yí padà, kó tún ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tó bá yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà tí máàkì gòkè, kò mọ èyí tó ṣe é. Tó bá sì jẹ́ pé máàkì àkọ́kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fi ìdá 2 yàtọ̀ síra, èrè ìdá 2 tó bá ń yọ̀ lé lórí lẹ́yìn náà kì í ṣe èrè.

Ìwé àjákọ tí wọ́n ń kọ èyí sí tó owó. Ọmọ tó bá kọ́ ọ dáadáa ti kọ́ ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń ṣiṣẹ́, yálà kọ̀ǹpútà náà yára sí i tàbí kò yára.

Máàkì pàápàá ṣeé rẹ́jẹ. Ní May 2003, àwọn tó ni 3DMark fi ẹ̀sùn kan NVIDIA pé ètò tó ń darí káàdì àwòrán rẹ̀ mọ ìgbà tí wọ́n ń dán an wò, ó sì ń fo iṣẹ́ tí ojú kò ní rí. Bí ọmọléèwé tó mọ ìbéèrè ṣáájú ìdánwò. Nítorí náà, ohun tí ilé yín ń lò gan-an ni ìdánwò tó dára jù. Bí géèmù tí ọmọ fẹ́ràn kò bá yí padà lójú rẹ̀, tí ìwé ìṣirò Mọ́mì ṣì ń pẹ́ kó tó ṣí, máàkì wo ló kù?

Yíyára nìkan kọ́ ni wọ́n ń dán wò. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ dán ìfẹsẹ̀múlẹ̀ rẹ̀ wò, ibí sì ni ìdáhùn sí ìbéèrè ìyá yẹn wà. Kọ̀ǹpútà tí eré rẹ̀ ga jù lè kú lójijì, ìyẹn ṣì rọrùn, nítorí pé ẹ rí i. Èyí tó burú ni kí ráàmù máa ṣe àṣìṣe wẹ́wẹ́ láìkú, kó máa kọ nọ́ńbà tí kò tọ́ sínú fáìlì, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣí i. Orúkọ àwọn oníbàárà lè bàjẹ́ báyìí. Nítorí náà, ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú ni kí wọ́n da gbogbo fáìlì pàtàkì kọ sórí dírẹ́fù mìíràn, kí wọ́n sì yọ dírẹ́fù náà kúrò lára kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn ìyípadà kọ̀ọ̀kan, kí MemTest86 yẹ ráàmù wò mọ́jú, kí Prime95 tàbí OCCT sì fi iṣẹ́ há ṣípù lọ́rùn fún wákàtí kan ó kéré tán. Àṣìṣe ẹyọ kan ti tó láti padà sẹ́yìn.

Àwọn kan wà tí wọ́n sọ ọ̀ràn yìí di eré ìje. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìpàtẹ géèmù rAge máa ń wáyé nínú Dome tó wà ní North Riding, tí kò jìnnà sí Fourways rárá, àwọn ọ̀dọ́ á sì ru kọ̀ǹpútà orí tábìlì tiwọn wá bí ẹni ru ẹrù ọjà. Dome náà ti di ibi tí WeBuyCars ti ń ta mọ́tò láti ọdún 2021. South Africa ni ìwé ìròyìn The Overclocker, tí Neo Sibeko ṣe olóòtú rẹ̀, ti jáde. Àwọn eléré ìje yìí kì í lo fáànù. Nitrogen olómi tí òtútù rẹ̀ jẹ́ -196°C ni wọ́n ń dà sórí ṣípù; ní òpin ọdún 2022 wọ́n lo helium olómi, tó tutù ju ìyẹn lọ, láti gbé Core i9-13900K kọjá 9 GHz. Ìgbà díẹ̀ ló fi wà níbẹ̀. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ta ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ tó bá ń wo fídíò wọn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ṣípù tí ẹlòmíràn fún wọn ni wọ́n sábà máa ń fi ṣeré.

Ti ilé yín, owó yín ni. Òfin Consumer Protection Act ti South Africa, nọ́ńbà 68 ti ọdún 2008, fún ẹni tó ra ọjà ní oṣù mẹ́fà láti dá ọjà tó ní àbùkù padà, kó sì yan àtúnṣe, pàṣípààrọ̀ tàbí owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ààbò náà kò bo ọjà tí ẹni tó rà á ti yí padà lòdì sí ìlànà ẹni tó ṣe é. Intel àti AMD náà kì í fẹ́ gba ṣípù tó jóná nítorí overclocking, kódà èyí tí wọ́n fúnra wọn ta ní ṣíṣí. Kí oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó kéré tán.

Ọ̀rọ̀ iná náà wà níbẹ̀. Ọdún 2023 ni load shedding burú jù ní orílẹ̀-èdè náà. Ó dáwọ́ dúró ní March 2024, ó sì tún yọjú fún ọjọ́ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Ìjì àti mànàmáná ọ̀sán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn Johannesburg kò sì gba ìsinmi. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ ń gba BIOS tuntun, bọ́ọ̀dù lè kú pátápátá, nítorí náà ẹ má ṣe é láìsí UPS. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ìyẹn fún yín lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó dára jù láti gbà fún ọmọ ni àwọn mẹ́ta tí ewu wọn kéré. Àkọ́kọ́ ni ráàmù. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ra ráàmù tí wọ́n kọ 6000 sí lára, tó sì ń sáré ní 4800 láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, nítorí pé kò sẹ́ni tó tan XMP tàbí EXPO nínú BIOS. Ohun tí ẹ ti sanwó fún ni, ó kàn ń sùn ni. Èkejì ni kí wọ́n dín fọ́ltéèjì kù dípò kí wọ́n fi kún un: ọ̀pọ̀ ṣípù àti káàdì àwòrán á ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ooru tó kéré, fáànù á dákẹ́, òkè Johannesburg kò sì ní dà wọ́n láàmú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n gbá eruku ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ tó wà nínú fáànù jáde. Bí dírẹ́fù rẹ̀ bá sì jẹ́ irú tó ń yí, tí ẹ ń gbọ́ bó ṣe ń kùn, ẹ fi SSD rọ́pò rẹ̀; kò sí overclocking tó lè bá ìyẹn dọ́gba fún ẹni tó ń dúró de Windows láràárọ̀.

Bí ọmọ bá sì ti ṣe é ná láìgba àṣẹ, tí ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, ẹ má bínú kọjá ààlà. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí bátìrì róbótó kan lórí bọ́ọ̀dù, tó dà bí owó ẹyọ. Ẹ yọ ọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ dá a padà. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, gbogbo ètò tó yí padà á ti parẹ́, á sì tún jí bó ṣe wà nígbà tí ẹ rà á, àfi pé ẹ ó ní láti tún ọjọ́ àti aago tẹ̀ sí i.